Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Gbogbo Ìjọ Ń Yìn

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé ara mi ti tù, màá bú ẹni náà. Mo ti pinnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kúrò ní orí mi ń dí lọ díẹ̀díẹ̀. "Ha, Aunty, ẹ ti ń fresh o! Uncle mà ń tọ́jú yín." Wọn a fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tó ń wò ó bóyá tòmátì ti pọ́n. Ọkọ mi a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a máa rẹ́rìn-ín, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, bí ojú ìyàwó bá kún, ọkọ ni wọ́n ń yìn. Èmi tí mo ń gbé ojú náà kiri, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó ń dùn mí.

Ojú náà kì í ṣe ojú ìgbádùn. Wíwú ló wú. Tí mo bá jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú mi á ti wú bí ẹni tí agbọ́n ta, tó bá di ọ̀sán, á rọlẹ̀ díẹ̀. Ọrùn bùbá tí mo ti ń wọ̀ tipẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Òrùka ìgbéyàwó mi kò jáde mọ́ àfi pẹ̀lú ọṣẹ. Èyí tó burú jù ni títẹ̀ríba. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, tàbí tí mo tẹ orí sínú síǹkì láti fọ irun, ṣe ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara mi á dà sí orí, etí mi á di, ojú mi á ṣú, màá sì máa mí bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Àfi kí n gbé orí sókè kó tó rọ̀ mí lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé ilé ayé láìbẹ̀rẹ̀. Mo ra bàtà tí kò ní okùn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ ni mo fi ń fà á títí màá fi rí ẹni bá mi mú un.

Kì í ṣe pé mi ò lọ sí ilé ìwòsàn o. Mo lọ sí kékeré kan tó wà nítòsí ilé wa ní Fairburn, ní òkè òkun níbí, lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà wọ àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńlá. Àsìkò tí ìyẹ̀fun òdòdó igi ń já bọ́ ni, gbogbo mọ́tò àdúgbò dà bí èyí tí wọ́n bu gààrí pupa lù. Ẹni tó dá mi lóhùn wo ojú mi láti ọ̀ọ́kán, ó ní allergy ni. Mo ní orí mi máa ń kún tí mo bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sinus nìyẹn, inú imú ló dí. Ó fún mi ní oògùn. Oorun nìkan ni oògùn náà fún mi. Mo ń sùn fọnfọn nínú tréènì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Downtown, a ó kọjá ibi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní mọ̀, èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba tí ọ̀gá mi kì í fẹ́ kí èèyàn pẹ́. Wíwú kò yí padà.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan kí ọ̀rọ̀ tó yé yín. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n tọ́jú mi, ó sì lọ. Nígbà ìtọ́jú náà, wọ́n ri nǹkan róbótó kan sábẹ́ awọ àyà mi, ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fa oògùn sí mi lára. Pọ́ọ̀tù ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Lẹ́yìn tí ara mi yá, wọ́n ní kí a ṣì fi í sílẹ̀ ná, a kì í mọ̀. Ó wà níbẹ̀, mo gbàgbé rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbàgbé bọ́tìnnì aṣọ.

Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ nǹkan kan nípa gbogbo èyí. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ni ọkọ mi bá ní ká má sọ. Tí Màmá bá gbọ́ jẹjẹrẹ, BP wọn á lọ sókè. A bá dákẹ́. Tí wọ́n bá pè lórí fídíò, màá we gèlè bo orí mi tó ti pá, màá fi ẹ̀jẹ̀ sínú, màá tutọ́ funfun jáde. "A dúpẹ́ Mà, gbogbo wa wà dáadáa." Àwa Yorùbá kò tíì rí ohun tí a lè fi pamọ́ tó àìsàn.

Ìgbà tí ojú mi wú tó bẹ́ẹ̀ gan-an ni Màmá wá kí wa. Mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfúrufú. Wọ́n jókòó sínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹnìkan ń tì wọ́n bọ̀, bẹ́ẹ̀ ara wọn le ju tèmi lọ. Wọ́n ti gbọ́ ní Ìbàdàn pé ẹni tó bá wà nínú kẹ̀kẹ́ kì í tò lórí ìlà. Mo kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, orúnkún méjèèjì lórí táìlì, mo tẹ orí ba. Ayé ṣú. Mo di kẹ̀kẹ́ náà mú, mo fò dìde kí wọ́n tó ráyè sọ pé pẹ̀lẹ́.

Màmá wò mí. "Hẹ̀n, ìyàwó, ṣé ilẹ̀ ibí yìí gbóná ni?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ojú mi, inú wọn sì yọ́. "Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ọmọ mi ń tọ́jú ẹ o."

Láti ọjọ́ náà, orúnkún mi kò kan ilẹ̀ mọ́. Tí mo bá fẹ́ kí wọn láàárọ̀, màá tẹ orúnkún díẹ̀, màá gbé ọrùn dúró bí ẹni tó ru omi. Màmá kì í wo ojú mi tí wọ́n bá ń dáhùn. "Káàárọ̀, ìyáàfin ọ́fíìsì." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe oríkì. Mo sì ń gbọ́ wọn nínú yàrá tí wọ́n bá ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí wọ́n gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ohùn gbọ́dọ̀ ròkè tó. "Ilé wọn dára o. Ìyàwó náà ń sanra. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni òyìnbó gbà." Mo dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ wọlé lọ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ bá sọ ọ́, nínú mọ́tò.

"Daddy, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rò pé mo ń fi wọ́n wọ́lẹ̀ ni."

"Mummy, please. Ṣé kí BP wọn wá shoot up níbí? Tí wọn ò ní insurance?"

"Èmi ni mi ò lè mí o."

"Allergy ni now. Wọ́n ti sọ fún ẹ."

Mo yí ojú sí fèrèsé. Ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ so bàtà mi rí ló ń sọ fún mi pé allergy ni.

Ọpẹ́lọpẹ́ àyẹ̀wò tí mo ń ṣe lọ́dọọdún nítorí jẹjẹrẹ tó lọ náà. Nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ bùláòsì. Bí mo ṣe bọ́ ọ, ó tẹjú mọ́ àyà mi. Àwọn iṣan ti yọ sí gbogbo àyà mi àti èjìká, wọ́n wé mọ́ ara wọn bí gbòǹgbò tó yọ sórí ilẹ̀. Èmi náà ti rí wọn nínú dígí, mo rò pé ọjọ́ orí ni. Nọ́ọ̀sì lọ pe dókítà. Dókítà ní kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kí n dúró bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú mi fi kún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí. Ó ní kí n sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní ọjọ́ náà gan-an ni màá ya àwòrán inú àyà. Mo bi í bóyá jẹjẹrẹ náà ti padà wá, ó ní òun kò lè sọ títí òun á fi rí àwòrán.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó sínú mọ́tò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn, mi ò lè ṣíná sí i. Mo pe ọkọ mi, mo sọ fún un, kò sì dárúkọ allergy mọ́.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Rọ́bà pọ́ọ̀tù náà ló ń ha iṣan ńlá kan nínú láti ọjọ́ yìí wá, iṣan tó ń gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ orí àti ti apá padà sínú ọkàn. Àpá ti bo ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì ti kún un, ohun tó kù kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ wá ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà lábẹ́ awọ àyà mi, bí mọ́tò ṣe ń yà sínú àdúgbò tí highway bá dí. Dókítà ní tí a bá fi í sílẹ̀, ibi tó kù náà á dí, wíwú á dé ọ̀fun, á dé ọpọlọ, mi ò sì ní lè mí mọ́. Ohun tí wọ́n máa ṣe ni pé wọ́n á yọ pọ́ọ̀tù, wọ́n á gba iṣan itan mi wọlé títí dé àyà, wọ́n á fi bàlúùnù kékeré fẹ ibi tó dí, wọ́n á sì fi sítẹ́ǹtì síbẹ̀ kó má baà pa dé mọ́. Ó fi ọ̀kan hàn mí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n hun ún rogodo bí ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja. Mo ní kí wọ́n ṣe é lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó di ìgbà tí insurance tó ń sanwó ìwòsàn mi bá fọwọ́ sí i. Ó fún mi ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, ó ní kí n máa sùn ní ìjókòó, kí n má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá.

Mo pe insurance. Orin ni wọ́n fi sí mi létí. Mo tún pè, ẹlòmíràn gbé e, ó ní kí dókítà tún ṣàlàyé ìdí tí mo fi nílò iṣan mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú tún ń bí mi.

Àárín ìdúró yẹn ni Màmá rántí pé a kò tíì ya ilé wa sí mímọ́. Ilé tuntun ni, nínú estate tí gbogbo ilé ti jọra débi pé Màmá ti fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn rí. Wọ́n pe pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ wá ní ọ̀sán Sátidé. A kọrin, a ka Bíbélì, pásítọ̀ sì ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀, kí á tẹ orí ba. Gbogbo wọn kúnlẹ̀. Èmi jókòó.

"Kúnlẹ̀," ni Màmá sọ lábẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Níwájú Ọlọ́run náà?"

Mo wo ọkọ mi. Ó ti di ojú rẹ̀ pinpin, bí ẹni tí àdúrà ti wọ̀ lára. Mo kúnlẹ̀. Mo ní tí pásítọ̀ bá ṣe kíá, màá lè fara dà á. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ wa kì í ṣe kíá. Láti ìpìlẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba pálọ̀ lọ, ó ń dárúkọ yàrá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé ilé ìdáná, etí mi ti di. Mo fẹ́ gbé orí sókè, mo rí i pé ọwọ́ Màmá wà ní ẹ̀yìn ọrùn mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń tẹ ọmọdé tí kò jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìsìn. Mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo gbọ́ tí pásítọ̀ ń bùkún sítóòfù.

Mo já ara mi gbà, mo dìde. "Ẹ fi mí sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Àdúrà dúró. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí èémí tí mo fi ń pariwo. Mo fa ọrùn bùbá mi sílẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. "Ẹ wò ó! Sísanra tí ẹ ń yìn nìyí! Iṣan tó ń lọ sí ọkàn mi ló dí. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò lè mí. Jẹjẹrẹ ni mo ní, tí wọ́n fi fi nǹkan yìí sí mi láyà, ọmọ yín ló ní kí n má sọ fún yín. Kì í ṣe pé mi ò ní orúnkún!"

Pásítọ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú kan ló là. Màmá di àga mú, wọ́n dìde, wọ́n wá síwájú mi. Wọ́n fi ìka kan pọ́ọ̀tù náà lábẹ́ awọ, wọ́n sì tọ àwọn iṣan náà lọ títí dé èjìká mi.

"Jẹjẹrẹ?"

"Ó ti lọ, Mà."

"Ìgbà tí ò ń we gèlè nínú fóònù yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n yíjú sí ọkọ mi. "Èmi lo ní kí wọ́n máa pa irọ́ fún?"

"Màmá, nítorí BP yín ni—"

"BP mi! Mo sin bàbá rẹ, BP kò pa mí. Gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn níbẹ̀. Ti Màmá dára. Wọ́n ní kó wọn ti ọmọ àwọn. Ti ọkọ mi ló ti lọ sókè.

Ẹ má rò pé mo wá sinmi. Màmá tí kò wo ojú mi láàárọ̀ kò wá gbé ojú kúrò lára mi mọ́. Wọn kò jẹ́ kí n gbé ife. Wọ́n to ìrọ̀rí sẹ́yìn mi títí ọrùn fi ń ro mí. Nígbà tí insurance fọwọ́ sí i níkẹyìn, Màmá ní àwọn á bá mi lọ. Dókítà obìnrin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà wá bá wa, ó béèrè bóyá a ní ìbéèrè. Mi ò ní. Màmá ní.

"Bi í bóyá irin náà kò ní dógùn-ún."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Dókítà ní rárá, kì í ṣe irú irin bẹ́ẹ̀.

"Tí o bá sín ńkọ́? Ṣé kò ní gba imú jáde?"

Ojú tì mí, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Dókítà ní ara á hù bò ó, kò ní kúrò níbẹ̀. Wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á tún fẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Màmá bi í pé ta ló máa wá yọ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́.

"Á jẹ́ pé ó ti di ẹbí," ni Màmá wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un.

Wọn kò kùn mí lóorun tán. Oògùn náà mú kí ara mi fúyẹ́, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n gba itan wọlé. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí bàlúùnù ṣí. Nǹkan kan tẹ̀ mí lẹ́yìn eegun àyà, ó le, mo fẹ́ pariwo, dókítà sì ní kí n mí jẹ́jẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó rọ̀. Ọrùn mi tú, bí orí ṣe ń rí tí èèyàn bá tú gèlè tó ti fún láti àárọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ẹ wo ojú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ojú ti sú mi, ṣùgbọ́n mi ò ní agbára láti bú u.

Lọ́jọ́ kejì, mo wo dígí. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti padà síbi tó wà. Ìpéǹpéjú mi pẹlẹbẹ. Ojú obìnrin tó ti ń dàgbà ni, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbẹ díẹ̀. Tèmi ni. Mo jókòó sórí àga ilé ìwẹ̀, mo sunkún dáadáa.

Wọ́n ní ká jẹ èkuru kó tán, ẹnìkan tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ní Sunday tí mo kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, Aunty kan tí kò sí níbi ìyàsímímọ́ ilé wa sáré wá bá mi. "Ha! Aunty, kí ló dé? Ẹ mà ti rù! Àbí nítorí Màmá wá ni?" Mo la ẹnu, mo ti mú èébú náà dání. Màmá ṣáájú mi.

"Ẹ fi ojú ọmọ mi sílẹ̀!"

Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí lọ síbi mọ́tò, wọ́n ń ráhùn lójú ọ̀nà pé irú ìjọ wo rèé. Mi ò rán wọn létí ẹni tó yin ojú náà ní pápákọ̀ òfúrufú.

Dókítà ti sọ fún mi nígbà tó yá pé mo lè máa bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wù mí. Mi ò tètè gbà á gbọ́. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ fa kọ́kọ́rọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú Bíbélì wọn. Mo dúró níwájú wọn, mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, mo sì tẹ orí ba títí iwájú orí mi fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Mo dúró de òkùnkùn náà. Mo dúró de etí tó ń di.

"Dìde," ni Màmá wí. "Mo ti ní mi ò fẹ́ ìkúnlẹ̀ mọ́. Dìde o jàre."

"Mi ò tíì kí yín tán, Mà."

Ọwọ́ wọn bọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn mi, ibi tó wà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rò pé àwọn ni mo kúnlẹ̀ fún. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Èémí ń wọlé, ó ń jáde, ojú mi sì là sílẹ̀ kedere lórí kápẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò gbá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn ni mo tó dìde.